Ẹ Fi Fíltà Sílẹ̀ Ná: Bí Ẹ Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Yín Dárà Sí Fọ́tò

Fọ́tò kan ṣoṣo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ títí ẹ ó fi mọ iṣẹ́ tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Èyí tí èmi ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni ti obìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, èkejì wà nínú òjìji. Aṣọ búlúù ló wọ̀, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ eérú tí kò ní àmì kankan, ife omi kan sì wà níwájú rẹ̀ tó ń dán yòò. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé gbogbo ohun tó máa ń dán irinṣẹ́ wò ló pé sínú rẹ̀: ibi tó dúdú kirikiri, ibi tó funfun báláú, awọ ara èèyàn, àwọ̀ kan tó hàn ketekete, àti ibi gbalasa tí kò sí nǹkan kan. Ẹ wá irú ẹ̀ sínú fóònù yín. Bí ẹ bá ń sáré láti orí fọ́tò kan bọ́ sí òmíràn, ẹ ò ní mọ̀ bóyá irinṣẹ́ ló ṣe é tàbí fọ́tò fúnra rẹ̀.

Mi ò kórìíra fíltà alábọ́tìnì kan. Ohun tó ń dùn mí nípa rẹ̀ ni pé kì í kọ́ni ní nǹkan kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́, fọ́tò yí padà, ó tán. Bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta péré ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn: wọ́n yí ìmọ́lẹ̀ padà, wọ́n yí àwọ̀ padà, tàbí wọ́n to nǹkan lé ara wọn. Ẹni tó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lè ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe.

Nọ́ńbà ni fọ́tò

Ní 1957, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Russell Kirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ka fọ́tò ọmọ rẹ̀ jòjòló sínú kọ̀ǹpútà. Píksẹ́lì 176, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni àwòrán náà fẹ̀, 176 ló sì ga. Fóònù tó ń ya mẹ́gápíksẹ́lì 12 lónìí ń kó nǹkan bí 4,000 jọ ní ìbú, ó sì ń kó 3,000 jọ ní òró, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Nínú fọ́tò JPEG, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ fóònù fi ń tọ́jú fọ́tò, nọ́ńbà mẹ́ta ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó sì parí sí 255. Òkùnkùn ni 0. 255 ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kún dé ẹnu. Bí irinṣẹ́ kan bá ní orúkọ tó ń dẹ́rù bà yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: nọ́ńbà wo lo fẹ́ yí padà?

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí JPEG, tí ẹ tún un ṣe, tí ẹ sì tún fi pamọ́ bíi JPEG ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń sọnù, kò sì ní padà wá mọ́. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ fi í pamọ́ bíi PSD, fáìlì Photoshop, tàbí XCF, èyí tí GIMP ń lò, kí gbogbo ìpele rẹ̀ (àwọn àwòrán tí ẹ to lé ara wọn) lè wà níbẹ̀. Àwọn ètò àtúnṣe fọ́tò bíi Lightroom àti darktable kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan fáìlì ìpilẹ̀ rárá. Àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ ṣe ni wọ́n ń tọ́jú. Bí kámẹ́rà tàbí fóònù yín bá lè ya RAW, ìyẹn ohun tí kámẹ́rà rí kí ó tó tún un ṣe, ẹ yà á. RAW oníbíìtì 14 ní ìdíwọ̀n 16,384 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí JPEG ti ní 256. Ìyàtọ̀ yẹn máa ń hàn nígbà tí ẹ bá ń fa òjìji sókè: ti JPEG á ya ní ìlà-ìlà, ti RAW á ṣì jọ̀lọ̀.

GIMP ni èmi ń lò lórí kọ̀ǹpútà torí pé ọ̀fẹ́ ni, Snapseed ni mo sì ń lò lórí fóònù. Ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú Photoshop náà, ó wà nínú Photopea tó ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà. Orúkọ bọ́tìnì lè yàtọ̀ díẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí n mú irinṣẹ́ kan ṣoṣo, Curves ni màá mú. Ẹ ṣí i, ẹ ó rí ìlà kan tó dábùú láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì lọ sí igun òkè lápá ọ̀tún. Apá òsì ìlà náà ni ibi tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò, apá ọ̀tún ni ibi tó mọ́lẹ̀. Ibi tí ẹ bá gbé sókè, gbogbo píksẹ́lì tó wà ní ìwọ̀n yẹn á mọ́lẹ̀ sí i. Ibi tí ẹ bá fà wálẹ̀ á ṣú.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é bíi lẹ́tà S. Ẹ fi àmì kan sí apá ìsàlẹ̀ ìlà, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi òmíràn sí apá òkè, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Lára fọ́tò tèmi, ojú obìnrin náà á yọ síta, ògiri á fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ máa wo ife omi. Bí ẹ bá gbé ìlà ju bó ṣe yẹ lọ, ara ife á di funfun báláú, ẹ ò sì ní rí omi inú rẹ̀ mọ́, torí pé píksẹ́lì ibẹ̀ ti kan òrùlé, gbogbo wọn ti di 255. Histogram, àwòrán bí òkè tó ń fi iye píksẹ́lì tó wà ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn, máa ń kìlọ̀ fún yín: bí àwòrán òkè inú rẹ̀ bá rọ́ jọ sí etí ọ̀tún, nǹkan ti ń sọnù nínú ìmọ́lẹ̀, bó bá rọ́ jọ sí etí òsì, nínú òkùnkùn ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún ìlà náà ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá gbé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì nìkan sókè dé bí 30. Kò sí dúdú gidi mọ́ nínú fọ́tò báyìí. Ó ti rí bíi fọ́tò tí oòrùn ti pa lára ògiri. Ìrísí àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ fíltà ń tà, ìdajì rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá ṣe èyí tí kò bọ́gbọ́n mu. Ẹ gbé àárín ìlà dé òkè pátápátá, kí ẹ sì fa igun ọ̀tún wá sílẹ̀ pátápátá, kí ìlà náà dà bí òkè ṣóńṣó. Ohun tó wà ní àárín méjì á tàn, ohun tó ń tàn tẹ́lẹ̀ á di dúdú. Ife omi tèmi di dúdú bí èédú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ sì ń dán bíi fàdákà. Solarisation ni wọ́n ń pè é. Àwọn ayàwòrán Man Ray àti Lee Miller fi ṣe iṣẹ́ tó lókìkí ní nǹkan bí 1930, nígbà tó jẹ́ pé inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan fọ́tò nígbà tó ṣì wà nínú kẹ́míkà. Ìlà Curves yín ń ṣe irú àyípoyípo ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè yí i padà bó bá ṣe wù yín.

Àwọ̀, àti awọ ara

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Ní GIMP, ẹ lọ sí Colors, ẹ yan Components, lẹ́yìn náà Decompose. Á ya fọ́tò yín sí mẹ́ta: ti pupa, ti ewé, ti búlúù, gbogbo wọn ní dúdú àti funfun. Ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ti pupa, ojú èèyàn á mọ́lẹ̀, á sì jọ̀lọ̀. Nínú ti búlúù, ojú kan náà á ṣú, gbogbo àpá, rorẹ́ àti ìlà ara á hàn. Èèyàn kan náà, wákàtí kan náà, fọ́tò kan náà! Ìgbà tí ẹ bá rí i ni ẹ ó mọ̀ pé bọ́tìnì tó ń sọ fọ́tò di dúdú àti funfun ti bá yín yan nǹkan kí ẹ tó mọ̀. Ìṣirò kan tí wọ́n ti ń lò látayé tẹlifíṣọ̀n máa ń mú ìdá 29.9 nínú ọgọ́rùn-ún láti inú pupa, 58.7 láti inú ewé, àti 11.4 péré láti inú búlúù, nítorí pé àwọ̀ ewé ni ojú wa ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jù.

Ẹ kọ ìṣirò yẹn, kí ẹ ṣe tiyín. Mono Mixer ni irinṣẹ́ rẹ̀ ní GIMP. Ní Photoshop, Channel Mixer ni, kí ẹ sì tẹ Monochrome. Fún ojú èèyàn dúdú, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti pupa 70, ewé 30, búlúù 0. Ní GIMP, 0.7, 0.3 àti 0 ni ẹ ó kọ. Ẹ jẹ́ kí àpapọ̀ wọn jẹ́ 100 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò má bàa lọ sókè sódò. Lára fọ́tò tèmi, aṣọ búlúù á ṣú gan-an, ojú á wá tàn lókè rẹ̀. Bí mo bá wá yí i padà, tí búlúù di 100, aṣọ á mọ́lẹ̀, ojú á ṣókùnkùn, gbogbo ìlà iwájú orí á sì jáde. Èyí le, àmọ́ ó lágbára. Fún ojú àgbàlagbà tí ẹ fẹ́ kí ọjọ́ orí rẹ̀ fọhùn, ẹ dán an wò.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn irinṣẹ́ ẹwà tó máa ń bó àwọ̀ ojú èèyàn, tí wọ́n á sọ ọ́ di píńkì tàbí eérú. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tí ẹ yà ní àwọ̀ tirẹ̀, iṣẹ́ yín sì ni kí àwọ̀ yẹn hàn dáadáa. Bí ojú bá ṣókùnkùn jù, ìmọ́lẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ẹ fún un ní ìmọ́lẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan àwọ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń ṣe é ni pé kí ẹ ṣe ẹ̀dà ìpele náà, ẹ gbé àárín Curves sókè, kí ẹ wá sọ ọ̀nà ìdàpọ̀ ìpele náà, ìyẹn bó ṣe ń dà mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, di Luminosity. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló máa yí padà, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà nínú awọ á dúró síbi tó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mask dúdú, ìyẹn ìbòjú tó ń fi ìpele pamọ́, bo gbogbo ìpele náà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì funfun ṣí ojú nìkan sílẹ̀. Ní Snapseed, ẹ ṣí View edits, ẹ tẹ ohun tí ẹ ṣe, ẹ ó rí búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ lè fi kùn ún síbi tí ẹ fẹ́ nìkan.

Ohun àràbarà mìíràn tí Curves ń ṣe ni pé ẹ lè ṣí ìlà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ mú ìlà búlúù, ẹ gbé igun òsì sókè díẹ̀, ẹ fa igun ọ̀tún wálẹ̀ díẹ̀. Òjìji á gba búlúù sára, ìmọ́lẹ̀ á di yẹ́lò. Ẹ wá fi S sí ìlà pupa, àti S kékeré sí ìlà ewé. Nígbà tí a ṣì ń lo fíìmù, ohun tó fara jọ èyí máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó ń fọ fíìmù bá mọ̀ọ́mọ̀ fi kẹ́míkà fíìmù nẹ́gátífù fọ fíìmù àwòrán tààrà (slide). Wọ́n ń pè é ní cross-processing.

Títò lé ara wọn

Nínú Photoshop, 1994 ni ìpele, tí wọ́n ń kọ Layers sí lára, kọ́kọ́ dé, nínú ẹ̀yà 3.0. Kò sí ohun tó yí iṣẹ́ yìí padà tó o. Ìpele kan wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa sọ bí wọ́n ṣe máa dàpọ̀. Ọ̀nà ìdàpọ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ mọ mẹ́ta dáadáa ná.

Multiply máa ń sọ nọ́ńbà méjèèjì di púpọ̀ síra wọn, á sì fi 255 pín in. 128 lórí 128 á di nǹkan bí 64. Nítorí náà, ó máa ń mú nǹkan ṣókùnkùn ni, funfun kì í sì í ṣe ohunkóhun níbẹ̀. Screen ni òdìkejì rẹ̀: 128 lórí 128 á di nǹkan bí 192, dúdú ni kì í ṣe ohunkóhun. Overlay ń ṣe méjèèjì: ìpele òkè tó mọ́lẹ̀ ju àárín lọ ń mú ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, èyí tó ṣú jù ú lọ ń mú un ṣú sí i, àwọ̀ eérú tó wà láàárín, ìyẹn 128, kì í sì í hàn nínú rẹ̀.

Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa 128 yẹn níṣẹ́ gidi. Ẹ ṣe ìpele tuntun, ẹ fi àwọ̀ eérú 128 kùn ún pátá, ẹ sọ ọ́ di Overlay. Á pòórá lójú yín. Ẹ wá mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí Opacity rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ tó, ò ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ibi tí ẹ bá fi funfun kùn á tàn, ibi tí ẹ bá fi dúdú kùn á ṣú. Mo máa ń fi funfun tọ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, afárá imú, àti ẹyinjú. Mo máa ń fi dúdú tọ abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ fi eérú 128 kùn ún padà, ó tán.

Fún fọ́tò méjì tó wọnú ara wọn, ẹ wá èèyàn tó dúró níwájú ìmọ́lẹ̀ títí tí ara rẹ̀ fi di òjìji dúdú lórí funfun. Ẹ gbé fọ́tò ewé igi sórí rẹ̀, ẹ yan Screen. Ewé á hàn nínú ara èèyàn náà nìkan. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀: dúdú ń gba ohun tó bá wá sórí rẹ̀, funfun ti kún.

Ọgbọ́n ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Michael Orton náà rọrùn. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ló máa ń fi fíìmù méjì lé ara wọn, méjèèjì mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀kan hàn ketekete, èkejì rí bàìbàì. Ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò yín, ẹ sọ ọ́ di Screen, ẹ lẹ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ tún ṣe ẹ̀dà ìyẹn, ẹ fi Gaussian Blur, tó ń mú kí fọ́tò rí bàìbàì, sí i, píksẹ́lì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún fọ́tò mẹ́gápíksẹ́lì 12, ẹ sì yan Multiply. Igbó àti ìkùukùu ń gba èyí gan-an. Lójú èèyàn, ẹ dín Opacity rẹ̀ kù sí ìdajì ó kéré tán.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù

Fún èyí, ẹ ó fi fọ́tò obìnrin yẹn sílẹ̀. Ẹ gbé fóònù sórí ohun tí kò ní mì, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ibi tí nǹkan ti ń rìn: omi tó ń ṣàn, ìkùukùu, àwọn èèyàn tó ń kọjá. Ẹ fi ìka tẹ ojú fóònù pẹ́ títí ó fi ti ìmọ́lẹ̀ pa, kó má bàa máa yí i padà fúnra rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò mẹ́ta, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn.

Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fáìlì kan. Lórí èkíní, ẹ gbé ìpele pupa fòò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 255, 0, 0, ẹ yan Multiply, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀. Lórí èkejì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ewé, 0, 255, 0. Lórí ẹ̀kẹta, búlúù, 0, 0, 255. Ẹ wá to mẹ́ta tó kù yìí lé ara wọn, kí ẹ sọ méjì tó wà lókè di Screen.

Gbogbo ohun tó dúró jẹ́ẹ́ á padà sí àwọ̀ rẹ̀ gan-an, torí pé pupa, ewé àti búlúù rẹ̀ bá ara wọn níbì kan náà. Ohun tó bá rìn á di aláràbarà. Omi á máa tàn bí òṣùmàrè. Èèyàn tó wọ dúdú, tó kọjá nínú fọ́tò kìíní, á gba pupa kúrò níbi tó dúró sí, nítorí náà ẹ ó rí i ní àwọ̀ tó wà láàárín ewé àti búlúù. Ti fọ́tò kejì á di àlùkò, ti ẹ̀kẹta á di yẹ́lò. Ṣùgbọ́n bí ẹyẹ funfun bá fò kọjá lórí ilẹ̀ tó ṣú, pupa, ewé tàbí búlúù gan-an ló máa jẹ́. Ẹ lè fi ọgbọ́n yìí yan aṣọ tí ẹni tí ẹ fẹ́ yà máa wọ̀ kó tó dé iwájú kámẹ́rà.

Harris shutter ni orúkọ rẹ̀, láti ara Robert Harris tó ṣiṣẹ́ ní Kodak, tó ṣe ohun èlò tó ń ju fíltà mẹ́ta kọjá níwájú kámẹ́rà fíìmù. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1861, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì James Clerk Maxwell fi fọ́tò dúdú àti funfun mẹ́ta, tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn fíltà pupa, ewé àti búlúù, fi àwòrán aláwọ̀ han àwọn èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé ohun tí Maxwell ṣe ni mo ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà mi, inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ sùn.

Kí ẹ tó gbé e jáde

Iṣẹ́ àtúnṣe kéékèèké ò gba àlàyé púpọ̀. Healing ń wo àwọ̀ àyíká, kí ó fi bo àpá. Ó dára fún awọ ara. Clone ń ṣe ẹ̀dà gẹ́lẹ́. Ó dára fún etí nǹkan, bí etí ife, níbi tí Healing ti máa ń rú àwọ̀ méjì pọ̀. Rorẹ́ tó máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ yọ ọ́. Ilà ojú, àmì ìbí àti àpá tó jẹ́ ti ẹni náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ dín fọ́tò kù sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lò, lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fi Sharpen, tó ń mú kí etí nǹkan hàn ketekete, sí i, kí ẹ sì máa wò ó ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún bí ẹ bá ń ṣe é. Ẹ sọ ọ́ di sRGB, ìlànà àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ojú fóònù àti kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ṣá lójú fóònù ẹlòmíì. JPEG tí ìdíwọ̀n dídára (Quality) rẹ̀ jẹ́ 85 sí 90 tó fún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tọ́jú fáìlì tó ní ìpele sọ́tọ̀, kí ẹ sì fún ìpele kọ̀ọ̀kan lórúkọ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀: “Overlay eérú, Opacity 40”, “pupa 70 ewé 30”, “Orton 20, ìdajì”. Bí fọ́tò mìíràn bá dé lọ́la tó fẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.